Orí Kẹfà: Fọ́tò Ojú, Fèrèsé Kan àti Páálí Funfun

Fọ́tò ojú ni àwòrán tó mú orí, ọrùn àti èjìká ènìyàn, tí ohunkóhun mìíràn nínú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gba olùwò lọ́wọ́ ojú náà. Òun ni iléeṣẹ́ ń béèrè fún káàdì ìdánimọ̀, òun ni òṣèré ń fi ránṣẹ́ nígbà tó bá ń wá ipa nínú fíìmù, òun ni òǹkọ̀wé ń fi sẹ́yìn ìwé, òun náà sì ni ẹni tó ń wáṣẹ́ ń gbé sórí LinkedIn. Ó ju páásípọ́ọ̀tù lọ. Páásípọ́ọ̀tù kò béèrè ju kí wọ́n dá ènìyàn mọ̀. Fọ́tò ojú fẹ́ kí ẹni tó rí i gbà pé ẹni inú rẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ṣeé sún mọ́.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ di iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́: bó ṣe tóbi tó sí ojú tó ń tàn sí, àti ìhà tó ti ń bọ̀. Kámẹ́rà olówó ńlá kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Seydou Keïta, tó ṣí ilé ìyàwòrán rẹ̀ ní Bamako, ní ilẹ̀ Mali, ní 1948, ya ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́tò tó sọ ọ́ di olókìkí nínú àgbàlá, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́. Aṣọ ìbùsùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Àwọn fọ́tò náà ti wà nínú ilé ìṣàfihàn ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà báyìí, aṣọ ìbùsùn náà sì hàn kedere nínú àwọn kan lára wọn.

Ìmọ́lẹ̀ tó le àti èyí tó rọ̀

Ìmọ́lẹ̀ tó le máa ń gé òjìji bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e: ẹ̀gbẹ́ kan mọ́lẹ̀ yòò, ìkejì ṣókùnkùn, kò sí nǹkan láàárín wọn. Ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀ máa ń jẹ́ kí òjìji bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, débi pé olùwò kò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ohun tó ń mú ìyàtọ̀ wá ni bí orísun ìmọ́lẹ̀ náà ṣe tóbi tó lójú ẹni tó ń tàn sí. Oòrùn tóbi ju ayé lọ lọ́nà tí kò láfiwé, ṣùgbọ́n ó jìnnà débi pé àmì róbótó kékeré ló jẹ́ lójú ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi le. Tí ìkùukùu bá bò ó, gbogbo ojú ọ̀run á di orísun ìmọ́lẹ̀, òjìji á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Eruku ọyẹ́ náà máa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń gbẹ ètè àti awọ ojú tó bẹ́ẹ̀ tí ìpara díẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú kámẹ́rà.

Ohun tó tẹ̀lé èyí ni pé jíjìnnà tàbí sísúnmọ́ ìmọ́lẹ̀ lè sọ ọ́ di líle tàbí rírọ̀. Fèrèsé tó fẹ̀ tó mítà kan tóbi gan-an fún ẹni tó jókòó ní mítà kan sí i. Tí ẹni náà bá sún àga lọ sí ògiri kejì, ní mítà mẹ́rin, fèrèsé kan náà á ti kéré lójú rẹ̀, òjìji á sì bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ọ̀pọ̀ fọ́tò tí kò dára tí wọ́n yà nínú yàrá, ìjìnnà sí fèrèsé ló bà wọ́n jẹ́.

Awọ dúdú àti òǹkà kámẹ́rà

Lára awọ tó funfun, òjìji ló ń fi ìrísí ojú hàn jù. Lára awọ dúdú, dídán ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà: ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà níwájú orí, lórí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lórí ọ̀pá imú ló ń jẹ́ kí olùwò mọ bí ojú ṣe rí. Dídán yìí kì í ṣe ọ̀tá tí a gbọ́dọ̀ fi pọ́dà pa tán pátápátá. Ohun tó yẹ kí ayàwòrán ṣe ni kó fún un ní orísun tó tóbi. Gílóòbù lásán, tàbí fláàṣì tó wà lórí kámẹ́rà, máa ń fi ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tó mú ṣáṣá sí iwájú orí, tí ojú á fi dà bíi pé ó ń làágùn. Fèrèsé ńlá máa ń tẹ́ dídán náà sílẹ̀, ó gbòòrò, ó sì rọ̀. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn pé kí wọ́n kàn fi iná púpọ̀ sí ojú ẹni dúdú fi máa ń jáni kulẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe gbòòrò tó ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó lọ.

Ìṣòro kejì wà nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Òǹkà tó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ gbà pé gbogbo ohun tó wà níwájú òun, tí a bá pò wọ́n pọ̀, á jẹ́ àwọ̀ eérú tó wà láàárín. Tí ògiri ẹ̀yìn bá funfun báláú, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú á sì ṣókùnkùn. Tó bá jẹ́ aṣọ dúdú ló wà lẹ́yìn, òdìkejì ni: á fi kún ìmọ́lẹ̀, iwájú orí á sì funfun ju bó ti yẹ lọ. Lórí fóònù, àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí wọ́n fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí gíláàsì, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí àmì ìtìpa á fi hàn, kí wọ́n wá fa ìmọ́lẹ̀ náà sókè tàbí sísàlẹ̀ títí àwọ̀ ojú á fi jọ ti ẹni tó jókòó níwájú wọn.

Ìtàn wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Láti àwọn ọdún 1950 ni iléeṣẹ́ Kodak ti ń fi káàdì kan tó ní àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fíìmù aláwọ̀. Awọ obìnrin náà ni wọ́n fi ń wọ̀n bóyá àwọ̀ inú fọ́tò tọ̀nà. Káàdì Shirley ni wọ́n ń pè é. Fíìmù tí wọ́n fi irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ṣe kì í lè fi oríṣiríṣi ìpele tó wà nínú awọ dúdú hàn, ó sì tó ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún un ṣe. Kámẹ́rà òde òní ti dára ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, síbẹ̀ kò tíì yẹ kí ayàwòrán fi ọ̀rọ̀ awọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ nìkan.

Fèrèsé

Ìwé tí wọ́n kọ ní Yúróòpù sábà máa ń gba ayàwòrán níyànjú pé kó wá fèrèsé tó kọjú sí àríwá, nítorí pé oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ibẹ̀ wọlé lọ́dọ̀ tiwọn. Ìmọ̀ràn yẹn kò ṣeé gbé wá sí ilẹ̀ Yorùbá bẹ́ẹ̀. Èkó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wà. Ìyókù ọdún ló ń wà ní gúúsù. Aago ṣeé gbára lé ju ìhà lọ. Fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn dára láàárọ̀, èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn dára lẹ́yìn ọ̀sán, torí pé ojú ọ̀run nìkan ló ń tàn wọlé ní àwọn wákàtí wọ̀nyẹn, oòrùn fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé. Tí kò bá sí èyí tí wọ́n lè yàn, tí oòrùn sì ń ta wọlé tààrà, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ta bo fèrèsé á sọ fèrèsé náà di orísun ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀. Kí aṣọ náà funfun ní tòótọ́: kọ́tìnì aláwọ̀ ìyeyè máa ń sọ gbogbo ojú di ìyeyè.

Fèrèsé ilé wa ní àrùn tirẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí eruku ti dí máa ń jẹ lára ìmọ́lẹ̀ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Kí wọ́n ṣí i. Gíláàsì lúfà tí wọn kò ṣí tán máa ń gé ìmọ́lẹ̀ sí ìlà ìlà sí ara ògiri àti ara ẹ̀wù. Irin tí wọ́n fi dènà olè a sì máa hàn nínú ẹyinjú ẹni tí wọ́n ń yà, ní kékeré, bí olùwò bá sún mọ́ àwòrán náà dáadáa. A kò lè yọ irin, ṣùgbọ́n aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan náà lè bò ó mọ́lẹ̀.

Kí wọ́n pa iná òkè àjà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí ṣòroó gbà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí ó dà bíi pé ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ló dára. Àmọ́ iná òkè máa ń fi òjìji sínú ihò ojú, àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti fèrèsé: lórí òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kelvin (K), ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà ní nǹkan bí 5500 K, gílóòbù tó ń pọ́n sì wà ní nǹkan bí 2700 sí 3000 K. Kámẹ́rà kò lè tún méjèèjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á máa pọ́n, ìkejì á dà bí ẹni pé òtútù mú un. Ògiri tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé tàbí ilẹ̀ pupa tó wà níwájú fàráńdà náà máa ń ta àwọ̀ tiwọn sí abẹ́ àgbọ̀n. Aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ á gba àwọ̀ náà kúrò, á sì fi ìmọ́lẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Bí a ṣe ń gbé àga kalẹ̀

Kí ẹni tí wọ́n ń yà tó jókòó, ayàwòrán lè di ẹ̀ṣẹ́, kó gbé e sókè níbi tí orí yóò wà, kó sì máa yí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níwájú fèrèsé. Òjìji tó ń bọ́ sí àárín oríkèé ìka máa sọ fún un ohun tí òjìji á ṣe sí imú àti ihò ojú. Ibi tí oríkèé bá ti hàn kedere, tí àárín wọn kò sì dúdú jù, ibẹ̀ ni àga ń lọ.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ máa ń jẹ́ nǹkan bíi mítà kan sí fèrèsé, tí ìmọ́lẹ̀ á máa ti ẹ̀gbẹ́ kan wọlé ní ìwọ̀n 45 sí imú. Kí ìmọ́lẹ̀ náà sì máa ti òkè díẹ̀ bọ̀: bí fèrèsé bá gùn dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ bo apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí dé ìwọ̀n èjìká. Òjìji imú á wá ṣubú sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, kò sì gbọdọ̀ kan ètè. Kí wọ́n wo ẹyinjú náà: ó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé hàn nínú méjèèjì, lápá òkè. Ojú tí kò ní ìtànṣán yìí máa ń dà bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn, kò sí àtúnṣe kọ̀ǹpútà tó lè fi sí i dáadáa.

Bí wọ́n bá tún yí àga náà díẹ̀ sí i, òjìji imú á dé òjìji ẹ̀rẹ̀kẹ́, igun mẹ́ta kékeré ìmọ́lẹ̀ kan á sì ṣẹ́kù lábẹ́ ojú tó wà lápá òkùnkùn. Orúkọ Rembrandt, ẹni tó fi ọ̀dà yàwòrán ní Netherlands tó sì kú ní 1669, ni wọ́n fi ń pe irú ìmọ́lẹ̀ yìí, nítorí ó kún inú iṣẹ́ rẹ̀. Ó dára fún òṣèré àti olórin. Fún òṣìṣẹ́ báńkì, ó ti wúwo jù.

Páálí funfun ló ń parí iṣẹ́ fèrèsé. Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rà fún iṣẹ́ ọnà ti tó. Wọ́n á gbé e sí apá tí fèrèsé kò sí, ní nǹkan bí ìdajì mítà sí ojú, kó má ṣe wọ inú àwòrán. Yóò gba ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, yóò dá a padà sí apá òkùnkùn. Bó bá sún mọ́ jù, ojú méjèèjì á mọ́lẹ̀ bákan náà, ìrísí ojú á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Fọ́ìlì tí wọ́n rún kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí lágbára ju páálí lásán lọ, ṣùgbọ́n kò rọ̀ bíi tirẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tí ojú nílò ni kí wọ́n gba ìmọ́lẹ̀ kúrò: tí ojú bá fẹ̀, aṣọ dúdú ní ipò páálí funfun á jẹ́ kí apá kan ṣókùnkùn sí i, ojú á sì dà bí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ̀yìn àwòrán kò gba ìnáwó. Ògiri tó mọ́, tàbí aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ eérú tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì fà le, ti tó. Kí àga jìnnà sí i tó mítà kan àti ààbọ̀, kí òjìji má bàa bọ́ sórí rẹ̀, kí ibi tó bá wúnjọ lára rẹ̀ má sì hàn.

Ìjìnnà kámẹ́rà

Ìjìnnà ló ń pinnu bí imú, etí àti iwájú orí ṣe máa tóbi sí ara wọn. Boris Paskhover àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2018 tó fi hàn pé fọ́tò tí wọ́n yà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 máa ń jẹ́ kí imú fẹ̀ tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà tí èyí tí wọ́n yà ní mítà kan àti ààbọ̀ kò ní irú àbùkù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń fi fóònù yà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ojú títí ojú á fi kún inú gíláàsì. Kó dúró ní mítà kan àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lo lẹ́ǹsì 2x bí fóònù náà bá ní in, bí kò bá ní in, kó gé àwòrán náà lẹ́yìn tó bá yà á tán. Kámẹ́rà ẹ̀yìn dára ju ti iwájú lọ. Kí wọ́n nu ojú lẹ́ǹsì, torí òróró ìka máa ń dá kùrukùru sí ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n sì pa ohun tó ń ṣe ojú lẹ́wà fúnra rẹ̀: ó máa ń fọ awọ di rọ́bà.

Ẹni tó ní kámẹ́rà tó ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì lè lo 50 mm f/1.8, tó wà lára àwọn tó dínwó jù nínú ohun tí Canon àti Nikon ń tà. Lórí kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré, ó ń ṣiṣẹ́ bíi 75 sí 80 mm, ìwọ̀n tó bá ojú mu. Kí ihò lẹ́ǹsì wà ní f/4, kí etí má bàa pòórá nígbà tí ojú mú. Kí ìyára wà ní 1/125, kí ISO, òǹkà bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, sì gòkè sí 400 tàbí 800 bó bá pọn dandan.

Nígbà tí kò sí fèrèsé

Lálẹ́, gílóòbù LED méjì tó jọra, tí wọ́n kọ 5000 sí 6500 K sára páálí wọn, lè ṣe é. Kí wọ́n kọjú wọn sí ògiri funfun ńlá tàbí kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n tàn gba inú aṣọ funfun, kí ìmọ́lẹ̀ náà lè tóbi. Gílóòbù tó ń gbóná kò gbọdọ̀ sún mọ́ aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù máa ń tètè kú pẹ̀lú ìjìnnà: ohun tó dé ní mítà méjì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ti mítà kan, ní mítà mẹ́rin ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ni. Ìyẹn ni pé ògiri ẹ̀yìn á ṣókùnkùn fúnra rẹ̀ bí ojú bá sún mọ́ gílóòbù tí ògiri sì jìnnà, láìsí aṣọ dúdú kankan.

Iná mànàmáná Nàìjíríà ń ṣiṣẹ́ ní 50 Hz, gílóòbù tí wọn kò ṣe dáadáa sì ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìlà dúdú bá ń hàn nínú fọ́tò, 1/50 tàbí 1/100 ni kí wọ́n fi ìyára kámẹ́rà sí. Ring light, iná onírísí òrùka tó kún ọjà lónìí, kì í burú, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé kámẹ́rà sí àárín rẹ̀ ló ń mú gbogbo ojú jọra, tí òrùka funfun sì ń hàn nínú ẹyinjú. Kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́, sókè díẹ̀, kí wọ́n sì fi aṣọ funfun bò ó.

Ẹni tí wọ́n ń yà

Nínú àpilẹ̀kọ tí Stephen Sprague gbé jáde nínú African Arts ní 1978, ó ṣàlàyé bí àwọn àgbà Yorùbá ṣe máa ń jókòó fún fọ́tò: wọ́n kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, ọwọ́ lórí orúnkún, ojú kò rẹ́rìn-ín. Iyì ló wà nínú ìjókòó yẹn, kò sì yẹ kí ayàwòrán bá àgbàlagbà jà nítorí rẹ̀. Fún fọ́tò ojú, ó tó kí èjìká yí díẹ̀ sí fèrèsé, kí orí padà sọ́dọ̀ kámẹ́rà, kí àgbọ̀n yọ síwájú kó sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Ó máa ń ṣe ẹni tó ń ṣe é bákan, ṣùgbọ́n ó ń na awọ ọrùn.

Fìlà tó yọ síwájú máa ń fi òjìji bo ojú. Kí wọ́n tì í sẹ́yìn díẹ̀ tàbí kí wọ́n mú ìmọ́lẹ̀ rẹlẹ̀. Gèlè nílò àyè lókè, aṣọ rẹ̀ tó ń dán sì lè mọ́lẹ̀ ju ojú lọ. Bí ìgò ojú bá ń tan ìmọ́lẹ̀ padà, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀ lórí etí, kí gíláàsì lè dojú kọ ilẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ẹ̀gbẹ́ wá máa ń mú kí ilà ojú jinlẹ̀ sí i, èyí tó ti iwájú wá máa ń pa á rẹ́. Ẹni tó ni ojú ló yẹ kó sọ èyí tó fẹ́, kí ayàwòrán béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbé àga kalẹ̀.

Àtúnṣe àti fífi ránṣẹ́

Snapseed, tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ti tó fún àtúnṣe. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò pọ̀: kí wọ́n gé àwòrán kí ojú wà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láti òkè, kí wọ́n tún àwọ̀ ṣe títí funfun ẹ̀wù á fi funfun, kí wọ́n pa ìrorẹ́ tó yọ láàárọ̀ ọjọ́ náà rẹ́, kí wọ́n sì fi àpá àti ìṣẹ̀dá sílẹ̀. Kí wọ́n má ṣe bó awọ náà. Àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà yí orí ká, nítorí WhatsApp àti LinkedIn máa ń gé fọ́tò sí róbótó. Fún títẹ̀ sórí bébà ní 300 ẹ̀kán sí ínṣì kọ̀ọ̀kan, fọ́tò ínṣì 5 sí 7 nílò ẹ̀kán 1500 sí 2100 ó kéré tán. WhatsApp a máa fún fọ́tò pọ̀ nígbà tí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán. Bíi dọ́kúmẹ́ǹtì ni kí wọ́n fi ṣọwọ́ sí oníbàárà.